Wáyà Tuntun Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi Kékeré: Ojú Ìsopọ̀ Ni Kí Ẹ Ṣọ́

Ọkọ̀ yìí kò gùn ju mítà 5 lọ. Fáíbà ni ara rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn rẹ̀, epo bẹntiróòlù ló sì ń mu. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí iná ṣe nínú rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ: kí iná tí ọkọ̀ mìíràn á fi rí wa máa tàn lálẹ́, kí pọ́ǹpù máa fa omi ikùn ọkọ̀ jáde, kí ẹ̀rọ tó ń wọn ìjìnlẹ̀ omi ṣiṣẹ́, kí fóònù sì rí ibi gba iná. Àmọ́ nígbà tí mo ṣí pákó ilẹ̀ rẹ̀, wáyà tí mo bá níbẹ̀ pọ̀ tó èyí tí wọ́n lè fi tan iná sí odindi ilé. Ẹnì kan ti so tirẹ̀, ẹlòmíì ti fi kún un, ẹlòmíì ti gé e láàárín, kò sì sẹ́ni tó yọ ti àtijọ́ kúrò.

Wáyà pọ́ǹpù ló jẹ́ kí n pinnu pé gbogbo rẹ̀ ló máa jáde. Inú omi ikùn ọkọ̀ gan-an ni wọ́n ti so ó pọ̀: wọ́n lọ́ bàbà méjì mọ́ra, wọ́n sì fi tépù dúdú wé e. Mo gé ojú ìsopọ̀ náà kúrò, mo bó rọ́bà ara wáyà pósítíìfù. Bàbà inú rẹ̀ ti dúdú. Mo bó o síwájú sí i, ó ṣì dúdú. Bí mo ṣe ń bó o lọ, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ń bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀, àwọn fọ́nrán rẹ̀ sì ń ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ju gígùn apá mi lọ kí n tó kan bàbà tó ṣì ń dán. Síbẹ̀, tí èèyàn bá wo rọ́bà wáyà náà láti òde, á rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde nínú páálí ni.

Ohun méjì ló ń fa irú èyí. Èkíní ni pé àlàfo tín-ín-rín tó wà láàárín àwọn fọ́nrán wáyà máa ń fa omi mọ́ra, omi á sì máa gùn ún lọ lábẹ́ rọ́bà bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Èkejì burú ju ìyẹn lọ. Tí pósítíìfù bá fara kan omi, pàápàá omi iyọ̀, iná á gba inú omi náà lọ bá nẹ́gẹ́tíìfù, bàbà tó wà ní ìhà pósítíìfù ni yóò sì máa yọ́ dànù díẹ̀díẹ̀. Wáyà pọ́ǹpù tí iná rẹ̀ kì í kú tọ̀sán-tòru ni èyí, torí náà ìbàjẹ́ náà kì í sinmi, kódà nígbà tí wọ́n bá so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tí kò sẹ́nikẹ́ni nínú rẹ̀.

Látàrí ohun tí mo rí yìí, mo fi ohun kan ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo iṣẹ́ tó kù. Iná ọkọ̀ ojú omi kì í sábà kú láàárín wáyà, ojú ìsopọ̀ ló ti ń kú. Níbikíbi tí ọ̀nà méjì bá ti wà, èyí tí ìsopọ̀ rẹ̀ kéré jù ni mo mú. Ìsopọ̀ tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, mo gbé e sókè kúrò níbi tí omi lè dé, mo sì dè é mọ́ ara ọkọ̀ kó má lè mì.

Àwòrán àti ìṣirò

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí n tó ra ohunkóhun, mo ya ọkọ̀ náà sórí ìwé: ibi tí bátìrì máa wà, ibi tí pánẹ́ẹ̀lì swíìṣì máa wà, ibi tí gbogbo ohun tó ń jẹ iná wà. Mo fi tépù ìwọ̀n tẹ̀ lé ọ̀nà tí wáyà máa gbà gan-an, torí wáyà kì í gba ọ̀nà tààrà. Ó máa yí igun ká, á gòkè lọ sẹ́bàá ọkọ̀, á tún sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ìyẹn ló sì ń fi kún gígùn rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ṣírò ohun tí a máa jẹ nínú bátìrì tí ọkọ̀ bá sun orí omi. Iná funfun orí òpó jẹ́ LED, kò gbà ju ámpíà 0.2 lọ (ámpíà ni à fi ń wọn iye iná tó ń ṣàn), fún wákàtí 10, ìyẹn jẹ́ ámpíà-wákàtí 2. Ẹ̀rọ ìjìnlẹ̀ omi ń gba bíi ámpíà 1. Wákàtí 6, ó di 6. Fóònù tó ń gba wáàtì 10 á fa bíi ámpíà 1 lára bátìrì, torí ẹ̀rọ tó ń sọ fóòtì 12 (fóòtì ni à fi ń wọn agbára tó ń ti iná) di fóòtì 5 náà máa ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Wákàtí 3, ó di 3. Iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kò ju 1 lọ lápapọ̀. Pọ́ǹpù ń gba ámpíà 4, àmọ́ tí ara ọkọ̀ bá le, kì í ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú 15 lọ lójúmọ́. Ìyẹn náà jẹ́ 1. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 13.

Bátìrì olójé ámpíà-wákàtí 60 ni mo mú. Tí wọ́n bá ń lo bátìrì olójé kọjá ìdajì agbára rẹ̀ léraléra, ọjọ́ ayé rẹ̀ á kúrú, nítorí náà 30 péré ni mo kà sí ohun tí mo lè ná. Tí a bá yọ 13 kúrò, ó ku 17, ìyẹn sì lè gbé pọ́ǹpù fún wákàtí mẹ́rin gbáko láì dúró. Òru òjò ni mo fi 17 yẹn pa mọ́ dè.

Ìṣirò wáyà ló gba àkókò mi jù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ilé tí iná rẹ̀ jẹ́ fóòtì 230, tí fóòtì kan bá sọnù sínú wáyà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Nínú fóòtì 12, fóòtì kan péré jẹ́ ìdá kan nínú méjìlá gbogbo ohun tí a ní. Ìlànà E-11 ti American Boat and Yacht Council, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà, tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ń pè ní ABYC, fàyè gba kí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún sọnù lójú ọ̀nà iná atọ́nà (èyí tí ọkọ̀ mìíràn á fi rí wa) àti wáyà tó lọ sí pánẹ́ẹ̀lì, ó sì fàyè gba ìdá 10 fún ohun tí kò ká èèyàn lára bẹ́ẹ̀. Èmi fi ìdá 3 de pọ́ǹpù pẹ̀lú. Ohun tó ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rírì, mi ò lè kà á sí ohun tí kò káni lára.

Ọ̀nà tí wáyà gbà láti bátìrì dé pọ́ǹpù jẹ́ mítà 5. Gígùn tí à ń ṣírò ni àlọ àti àbọ̀, torí iná tó bá gba pósítíìfù lọ gbọ́dọ̀ gba nẹ́gẹ́tíìfù padà. Ó di mítà 10. Wáyà 1.5 (ìyẹn ni pé ojú bàbà tí wọ́n bá gé jẹ́ mílímítà onígun mẹ́rin 1.5) oníbàbà tí wọ́n fi tánńganran bò máa ń dènà iná ní nǹkan bí ohm 13.7 fún kìlómítà kan, nítorí náà mítà 10 rẹ̀ jẹ́ ohm 0.137. Ẹ fi ámpíà 4 sọ ọ́ di púpọ̀, fóòtì 0.55 ló máa sọnù. Ìyẹn ti lé ní ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Wáyà 2.5 ń dènà bí ohm 8.2 fún kìlómítà. Ohun tó máa sọnù nínú rẹ̀ jẹ́ fóòtì 0.33, kò sì tó ìdá 3. Wáyà 2.5 ni pọ́ǹpù gbà. Iná LED kò wúwo rárá, 1.5 tó o, mi ò sì lo ohun tó kéré ju ìyẹn lọ níbikíbi, torí wáyà tó tín-ín-rín jù máa ń tètè já níbi tí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n.

Oríṣi wáyà náà ṣe pàtàkì bí ìwọ̀n rẹ̀. Wáyà olójú kan tí wọ́n ń rì sínú ògiri ilé kò yẹ nínú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì á gbọ̀n ọ́n títí yóò fi ṣẹ́. Olófọ́nrán púpọ̀ ni kó jẹ́, kí wọ́n sì ti fi tánńganran bo fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gé e, ẹ̀yin náà á rí i: funfun bíi fàdákà ni inú rẹ̀, kì í ṣe pupa. Ó wọ́n ju wáyà lásán lọ, kò sì sí ohun mìíràn nínú iṣẹ́ yìí tí mo lè sọ pé owó rẹ̀ tọ́ síra bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọ̀, pupa ni pósítíìfù, yẹ́lò ni nẹ́gẹ́tíìfù. Ìlànà ABYC gba dúdú fún nẹ́gẹ́tíìfù pẹ̀lú, àmọ́ nínú ètò iná ilé ti Amẹ́ríkà, dúdú ni wáyà tó gbé iná. Ẹni tó bá wá tún ọkọ̀ náà ṣe lọ́jọ́ iwájú kò gbọ́dọ̀ máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bátìrì àti fíùsì àkọ́kọ́

Bátìrì wà nínú àpótí ike tó ní ìdérí, mo sì fi bẹ́líìtì dè é mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ débi pé bí mo fi gbogbo agbára fà á, kò mì. Ibi tó wà jìnnà sí táǹkì epo. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀ ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ jókòó sí, ìṣáná kékeré tó bá sì ta láti ojú swíìṣì lè sọ ọ́ di iná. Afẹ́fẹ́ háídírójìn tó ń jáde lára bátìrì nígbà tó bá ń gba iná fúyẹ́ ní tirẹ̀, òkè ló ń lọ. Nítorí náà, mo fi ihò sílẹ̀ lókè àpótí náà kó lè rí ọ̀nà jáde. Swíìṣì tó bá máa wà nítòsí epo gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe tí ìṣáná rẹ̀ kò lè jáde. Èmi kúkú gbé gbogbo swíìṣì mi jìnnà síbẹ̀.

Fíùsì àgbà wà ní ìwọ̀n ọwọ́ kan péré sí orí pósítíìfù bátìrì. ABYC sọ pé kó má ju ínǹṣì 7 lọ, ìyẹn mílímítà 178. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bátìrì lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ámpíà jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí pósítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ bá kanra. Gbogbo wáyà tó wà lẹ́yìn fíùsì ní ẹni tó ń dáàbò bò ó, èyí tó wà láàárín bátìrì àti fíùsì kò ní olùgbèjà kankan. Kí ìyẹn kúrú bó bá ti lè kúrú tó. Fíùsì ò sí níbẹ̀ nítorí iná tàbí nítorí rédíò. Nítorí wáyà ló ṣe wà níbẹ̀. Ìwọ̀n wáyà ló máa ń sọ iye tí fíùsì ò gbọ́dọ̀ kọjá, ohun èlò tó wà nídìí rẹ̀ sì lè ní kí a lo èyí tó kéré sí i. Wáyà ńlá tó ń ta ẹ́ńjìnnì jí nìkan ni ìlànà náà yọ sílẹ̀ nínú òfin fíùsì, torí agbára tó ń fà lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀.

Lẹ́yìn fíùsì ni swíìṣì àgbà tó ń pa ohun gbogbo. Mo lẹ ìwé mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: *Má pa á nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́.* Ẹ́ńjìnnì tó ń fi iná ránṣẹ́ sí bátìrì, tí ọ̀nà bá ṣàdédé dí mọ́ ọn, agbára tó ń bọ̀ á ga kọjá ààlà, ohun tó ń sọ iná rẹ̀ di ti bátìrì á sì jóná.

Pọ́ǹpù

Pọ́ǹpù kò gba abẹ́ swíìṣì àgbà kọjá. Orí bátìrì tààrà ni wáyà rẹ̀ ti wá, ó ní fíùsì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ti pa ohun gbogbo tí wọ́n sì ti lọ sílé ni omi máa ń wọlé láìsẹ́ni tó rí i. Ọkọ̀ tí pọ́ǹpù rẹ̀ ń kú pẹ̀lú swíìṣì àgbà, ojú lásán ni pọ́ǹpù náà wà fún.

Swíìṣì ọ̀nà mẹ́ta ló ń darí rẹ̀: kó ṣe é fúnra rẹ̀, kó kú, kó ṣe é nísinsìnyí. Ní ipò àkọ́kọ́, iná gba inú swíìṣì tó ń léfòó nísàlẹ̀ ikùn ọkọ̀ kọjá. Tí omi bá gbé e sókè, pọ́ǹpù á ta jí, tí omi bá lọ, á sinmi. Ní ipò kẹta, iná fo swíìṣì tó ń léfòó náà dá, ó lọ sí pọ́ǹpù tààrà, torí swíìṣì tó ń léfòó wà nínú ìdọ̀tí, ìdọ̀tí sì lè há a. Mo fi iná pupa kékeré kan sára pánẹ́ẹ̀lì tó ń tàn nígbàkígbà tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá rí i pé ó ń tàn lemọ́lemọ́ á mọ̀ pé omi ń rí ọ̀nà wọlé.

Ní ti fíùsì rẹ̀, iye tí àwọn tó ṣe pọ́ǹpù náà kọ sára rẹ̀ gan-an ni mo fi sí i. Tí okùn tàbí ọ̀rá bá há a lẹ́nu tí kò lè yí mọ́, ṣe ló máa fa iná ju bó ti yẹ lọ. Fíùsì tó tọ́ á já. Fíùsì tó tóbi jù á máa wò ó títí mọ́tò rẹ̀ á fi gbóná jóná.

Wáyà tó bá pọ́ǹpù wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é kò gùn, àdánwò tó wà níbẹ̀ sì ni pé kéèyàn so ó mọ́ra níbi tó parí sí, ìyẹn nínú omi. Mo gbé e gòkè lára ògiri inú ọkọ̀ bó ti gùn mọ, mo dè é, mo sì so ó níbẹ̀, lókè ibi gíga jù lọ tí mo ti rí àmì omi rí lára ikùn ọkọ̀ náà. Kí wáyà tó wọ ojú ìsopọ̀, mo jẹ́ kó tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ ná kó tó gòkè padà. Omi tó bá ń ṣàn bọ̀ lára rẹ̀ á kán sílẹ̀ níbi tó tẹ̀ sí yẹn, kò ní dé ojú ìsopọ̀.

Páìpù tó ń tú omi jáde kì í ṣe wáyà, ṣùgbọ́n mo ní láti dárúkọ rẹ̀: ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju ojú omi tí ọkọ̀ jókòó sí lọ dáadáa, tàbí kó ní ọrùn tó yí gòkè. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tí pọ́ǹpù bá dákẹ́, omi òde lè gba inú páìpù kan náà padà wọlé.

Lọ́ọ̀gì: ibi tí iṣẹ́ yìí wà gan-an

Kò sí ìsopọ̀ kan nínú ọkọ̀ yìí tí wọ́n lọ́ mọ́ra, kò sì sí èyí tí tépù nìkan dì mú. Lọ́ọ̀gì ni gbogbo wọn, ìyẹn irin kékeré olọ́rùn tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ orí wáyà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn sọ́dà, irin tí wọ́n ń yọ́ láti fi lẹ wáyà pọ̀, torí pé ó ń dán lójú, ó sì le. Líle yẹn ni mi ò fẹ́. Sọ́dà gbígbóná máa ń wọ inú fọ́nrán wáyà lọ síwájú, á sọ apá ibẹ̀ di irin gbọọrọ kan tí kò lè tẹ̀. Níbi tí líle parí sí tí rírọ̀ bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìgbọ̀n ẹ́ńjìnnì ti ń ṣẹ́ ẹ. Ìlànà ABYC náà kò gbà kó jẹ́ sọ́dà nìkan ló di wáyà mú.

Bí mo ṣe ń ṣe ẹyọ kan nìyí. Mo kọ́kọ́ bó rọ́bà wáyà ní ìwọ̀n ọrùn lọ́ọ̀gì, láì gé fọ́nrán kan ṣoṣo. Tí ọ̀kan bá gé, mo gé gbogbo rẹ̀, mo sì bó òmíràn. Mo ti wáyà náà wọlé títí orí fọ́nrán fi yọjú díẹ̀ ní òdì kejì. Lẹ́yìn náà ni mo fi pílíà tó ní eyín, èyí tí kì í ṣí títí o ó fi tẹ̀ ẹ́ dópin, tẹ ọrùn rẹ̀. Ìdí tí mo fi lo irú pílíà yìí ni pé kì í jẹ́ kí àárẹ̀ ọwọ́ pinnu bí ìsopọ̀ á ṣe le tó. Ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ á rí bákan náà. Mo wá fi ọwọ́ méjèèjì fà á, mo fà á dáadáa. Èyí tó bá yọ́ jáde díẹ̀ báyìí, mo gé e dànù.

Ara lọ́ọ̀gì náà ní rọ́bà tó máa ń sún kì tí ooru bá kàn án, tí gọ́ọ̀mù sì wà nínú rẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná yí i ká, kì í ṣe iná ìṣáná, torí iná ìṣáná máa ń sun apá kan kí apá kejì tó gbóná. Ohun tí mo ń wò ni ẹnu rọ́bà náà níbi tó ti pàdé wáyà. Á kọ́kọ́ sún kì, á fún wáyà mọ́ra, lẹ́yìn náà òrùka gọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ kan á yọ jáde yí wáyà ká. Tí òrùka yẹn bá yọ yípo láì sí ibi tó já, omi kò ní ọ̀nà ibẹ̀. Tí kò bá yọ, ooru ò tíì tó.

Lọ́ọ̀gì olójú òrùka ni mo lò lórí gbogbo bọ́ọ̀tù, mi ò lo oníjàgà tó lanu. Tí bọ́ọ̀tù bá tú díẹ̀, oníjàgà á yọ́ jáde bọ́ sílẹ̀. Òrùka á ṣì wà níbẹ̀. Mi ò sì jẹ́ kí lọ́ọ̀gì ju mẹ́rin lọ lórí bọ́ọ̀tù kan, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ṣe wí. Gbogbo nẹ́gẹ́tíìfù lọ bá irin bàbà kan ṣoṣo lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, kò sí èyí tó ń gun èkejì lágbedeméjì ọ̀nà. Láti pánẹ́ẹ̀lì títí dé ìdí ohun èlò kọ̀ọ̀kan, wáyà kan gbáko ni, láìsí ìsopọ̀ láàárín, àyàfi ti pọ́ǹpù tí mo sọ lókè.

Mo fi kílíìpù de wáyà mọ́ ara ọkọ̀ ní gbogbo mílímítà 450, níbi tó bá sì ti gba ihò pákó kọjá, mo fi rọ́bà sí ẹnu ihò náà kó má baà máa ha á. Orí wáyà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ní ìhà méjèèjì.

Iná atọ́nà

Òfin àgbáyé tó ń darí ìrìn ọkọ̀ lójú omi, COLREGS ti 1972, ló sọ bí iná wọ̀nyí ṣe gbọ́dọ̀ rí. Pupa ní ọwọ́ òsì, aláwọ̀ ewé ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń tàn láti iwájú gangan lọ sẹ́yìn ní ìwọ̀n dígírì 112.5. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí kò tó mítà 12 lè lo iná funfun kan ṣoṣo tó ń tàn yípo dípò iná òpó àti ti ẹ̀yìn, kó ṣáà ti fi mítà kan ó kéré tán ga ju iná ẹ̀gbẹ́ lọ. Ohun tí mo ṣe nìyẹn.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, gbogbo wọn á tàn. Nígbà tó bá ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, funfun nìkan. Ẹni tó ń bọ̀ nínú òkùnkùn fi ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ náà ń lọ tàbí ó dúró, nítorí náà mi ò fẹ́ kí ó jẹ́ swíìṣì méjì tí èèyàn lè gbàgbé ọ̀kan. Swíìṣì kan ni, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, onípò mẹ́ta. Ìlà ẹsẹ̀ kan rẹ̀ ń fún iná funfun ní agbára bó bá wà lókè tàbí nísàlẹ̀, mo fi wáyà kúkurú so ẹsẹ̀ òkè àti ti ìsàlẹ̀ ìlà náà pọ̀. Ìlà kejì ń fún pupa àti ewé ní tiwọn bó bá wà lókè nìkan. Torí pé ìlà méjèèjì kò kanra nínú swíìṣì náà, iná funfun kò lè gba ẹ̀yìn lọ tan àwọn yòókù.

Wáyà tó lọ síwájú gba ẹ̀gbẹ́ kọ́ńpáàsì kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti lọ́ pósítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù mọ́ra wọn. Wáyà tí iná ń gbà máa ń fa abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì. Tí àlọ àti àbọ̀ bá lọ́ mọ́ra, èyí á pa agbára ìyẹn.

Ẹ̀rọ ìjìnlẹ̀ omi àti ibi tí fóònù ti ń gba iná kò ní wàhálà: fíùsì kọ̀ọ̀kan, wáyà kọ̀ọ̀kan, ó parí.

Ìdánwò

Kí bátìrì tó wọlé, mo yọ gbogbo fíùsì, mo fi mítà tó ń wọn iná wò ó bóyá pósítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù kanra níbikíbi. Wọn kò kanra. Mo wá so bátìrì, mo sì ń dá fíùsì padà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ń tan ohun tó wà nídìí rẹ̀ kí n tó lọ sórí òmíràn.

Mo bu omi sínú ikùn ọkọ̀ kí n tó dán pọ́ǹpù wò. Pọ́ǹpù tó ń yí nínú afẹ́fẹ́ lásán kì í fa iná tó bó ṣe yẹ, ohun tí mítà bá sì sọ nígbà náà kì í ṣe òótọ́ ọjọ́ iṣẹ́. Nígbà tó ń fa omi gidi, orí bátìrì jẹ́ fóòtì 12.58, ojú ìsopọ̀ pọ́ǹpù jẹ́ 12.23. Ohun tó sọnù jẹ́ 0.35. Ìṣirò mi sọ 0.33, fíùsì àti swíìṣì ló gba ìyókù. Tí ìyàtọ̀ náà bá ti pọ̀ ju báyìí lọ ni, ojú ìsopọ̀ kan ló ń jẹ ẹ́, mi ò bá sì ti máa wá a kiri títí màá fi rí i.

Èyí tó kẹ́yìn ni ti jíjò iná. Omi ṣì wà nínú ikùn ọkọ̀, àmọ́ kò pọ̀ tó ohun tó lè gbé swíìṣì tó ń léfòó. Mo pa ohun gbogbo, mo tú wáyà pósítíìfù kúrò lórí bátìrì, mo fi mítà sáàárín orí bátìrì àti wáyà náà, mo gbé e sí ìwọ̀n tó ń ka ámpíà wẹ́wẹ́. Òdo ló kọ. Ìyẹn ni pé kò sí pósítíìfù tó ń wá ọ̀nà gba inú omi lọ bá nẹ́gẹ́tíìfù. Ìdánwò yìí ni màá máa tún ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo àsìkò tí ọkọ̀ bá fẹ́ bọ́ sómi, pẹ̀lú wíwo agbára bátìrì lẹ́yìn tó bá ti sinmi: nǹkan bíi 12.7 ni ti èyí tó kún, tó bá ti sún mọ́ 12.2, ó ti lo ìdajì.

Àwòrán ètò iná náà, pẹ̀lú nọ́ńbà wáyà kọ̀ọ̀kan àti iye fíùsì rẹ̀, ti wà nínú ọ̀rá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìdérí pánẹ́ẹ̀lì. Fíùsì àfidípò méjì-méjì ti ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pọ́ǹpù kejì ló kù, èyí tí màá gbé sókè díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú fíùsì àti swíìṣì tó ń léfòó tirẹ̀. Mo ti fa wáyà rẹ̀ dé ibẹ̀, mo sì ti dí orí rẹ̀ pa.